Kábíyèsí Ń Sùn

Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó lè rí ọba ìlú wa láìkọ́kọ́ kí olorì kékeré, ààyò ọba. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ máa ní àsọdùn ni. Lọ́jọ́ kan níbí, ní Corduff nílùú Dublin, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń ka ìtàn ayaba kan láàfin Mòrókò láyé àtijọ́, pé òun ló ń pinnu ẹni tí ọba máa dá lóhùn. Ó yà á lẹ́nu. Èmi pòṣé ni. Mo ní èyí tó fìyà jẹ wá ò gbé Mòrókò.

Àbúrò olorì yẹn ló gba oko kòkó bàbá mi. Bàbá mi mú mi dání, a lọ fẹjọ́ sùn láàfin. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn. Olorì yọjú, ó ní Kábíyèsí ń sùn. Irọ́ gbuu! À ń gbọ́ ẹ̀rín tọba tolorì látinú ilé. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Bàbá mi ò rí ọba títí tó fi kú, oko sì lọ bẹ́ẹ̀. Mo búra pé obìnrin yẹn á jókòó de èmi náà.

Àṣegbé kan ò sí o, àṣepamọ́ ló wà. Ọmọkùnrin tí ọmọ-ọmọ mi fẹ́ fẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ballycoolin, ọmọ-ọmọ olorì yẹn gan-an ni! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ilé tó ti wá fún mi. Mo kàn ní kó mú màmá àgbà rẹ̀, olorì yẹn gan-an, wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Wọ́n dé lọ́sàn-án Sátidé, òjò ń ṣẹ́ wẹ́liwẹ́li. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé àga sẹ́yìn rẹ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín kèékèé. Ọmọ-ọmọ mi ń sunkún, "Granny, please, they'll go home!" Mo pariwo sóde pé, "Kábíyèsí ń sùn o!"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Màmá ti ṣí gèlè, ó ti jókòó sílẹ̀ tútù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rántí mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Olorì ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn nígbà yẹn. Lónìí, àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọmọ-ọmọ mi kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí i. Mo ní màá fún un, mo sì máa fún un lọ́kọ, àmọ́ kí oòrùn kọ́kọ́ wọ̀ ná. Oṣù kẹfà sì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ní Dublin.