Àsánì Tí Igbó-Elérin Ń Pè Ní Ikú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe ń ba ọjà jẹ́, tó sì tún ń tún un ṣe, kó wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Àsánì. Èmi ni Màmá Túnjí, opó sójà. Inú bárékè Ọ̀jọ́ ni mo ti tọ́ ọmọ mi dàgbà kí n tó kó wá sí Igbó-Elérin, níbi tí mo ti ń ta gààrí, epo, iyọ̀ àti ọṣẹ níwájú ilé. Mi ò fẹ́ràn ìsọkúsọ, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Àsánì ń gbé yàrá kan nínú ọgbà wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì mọ ẹ̀rín ín rín. Oògùn eku ló ń tà. Ó ní bárò kan tó kùn ní ọ̀dà pupa, ó so gbohùngbohùn mọ́ ọn níwájú, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, á sì máa ti bárò kiri láti àdúgbò wa dé Okokomaiko, títí dé Ìbà. Kò sí àbùkù kankan lára ọjà rẹ̀. Eku tó bá tọ́ ọ wò lọ́sàn-án kì í jẹ oúnjẹ alẹ́. Ohun tó ń jáde lẹ́nu gbohùngbohùn yẹn ni ìṣòro.

Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, àwọn àgbà á máa rin pákò, àwọn ọmọ á máa wọ yunifọ́ọ̀mù, ni ẹ ó bá gbọ́ ohùn Àsánì:

“Ikú dé o! Ikú wọlé! Ó ń pa bàbá, ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ! Ilé tó bá wọ̀, kò ní í ṣẹ́ ẹnì kan kù!”

Eku ló ń bá wí. Bàbá eku, ìyá eku, ọmọ eku. Ṣùgbọ́n kì í dárúkọ eku àfi ní ìparí, nígbà tí bárò bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yín, tó sì ti fi ikú sílẹ̀ fún yín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé ìpolówó yìí jáde, ọlọ́kadà kan tó ti jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó padà sínú ilé, ó ní òun ò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, alákàrà tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, bẹ́ jáde láìwọ bàtà, ó gbé aago àdúrà lọ́wọ́, ó ń lù ú kíkankíkan. “Kò ní wọlé wa! Ilé ẹ ló ń lọ! Orí ẹ ni yóò dé lé!” Ó lé bárò náà títí dé ìkòríta. Àsánì ń sáré, gbohùngbohùn ò dákẹ́, ikú ṣáà ń dé.

Nígbà tó padà wálé, mo pè é. “Àsánì, wọn kì í pe irú nǹkan báyẹn lówùúrọ̀. Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ fara balẹ̀ jàre. Tí n bá ní ‘ẹ ra oògùn eku’, ta ni yóò wojú mi? Ẹni tẹ́rù bá bà ló ń yíjú.”

Wọ́n ń yíjú lóòótọ́. Ojú náà ni wọ́n sì fi ń lé e lọ. Àwọn tó bá fẹ́ rà á á dúró dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ lálẹ́, wọ́n á wá yọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó wá ra igbó. Mo máa ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé mi, èmi nìkan á sì máa rẹ́rìn-ín.

Èmi náà kì í ṣe ọmọdé nídìí ọjà. Tí gààrí mi bá kan, mi ò ní sọ fún kọ́sítọ́mà pé ó kan. Mo máa ń sọ pé irú èyí tí wọ́n ń fi omi tútù àti ẹ̀pà mu nígbà tí oòrùn bá mú ni. Mi ò purọ́. Ibi tó dùn níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú. Àsánì, ní tirẹ̀, ibi tó korò ló fi ń kí ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì dúró lórí ọjà mọ́. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. “Ikú ń bọ̀!” “Ẹ bá mi pe Ikú.” “Ikú, ẹ káàsán o.” Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tó bá ti ń mú owó wá ò burú. Mo ní ó dáa, orúkọ ń roni, a ó máa wò ó.

A wò ó títí Hikmat fi dé. Ọmọbìnrin aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì. Eku ló ń gé aṣọ kọ́sítọ́mà rẹ̀ jẹ, ló bá wá ra oògùn. Nígbà tí eku tán, Àsánì ò tán níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá yẹ ibi tí eku ò sí mọ́ wò. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ò sì mọ ohun tí yóò fi ayé ṣe láìsí i. Bàbá Hikmat, Àlàájì Hussein, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní Ìyànà-Ìbà, ló kù ká lọ rí. Nítorí pé àwọn òbí Àsánì wà lọ́nà jíjìn, èmi ló bẹ̀ pé kí n sin òun lọ.

Àlàájì gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó bi Àsánì nípa ilé, nípa ìrun, nípa iṣẹ́. Àsánì ní òun ń ṣòwò. Ibi tá a dé nìyẹn tí obìnrin kan tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà fi gbójú sókè, tó sì pariwo tayọ̀tayọ̀:

“Háà! Ikú! Ṣé ibí lo wà? Mo ti ń wá ẹ láti àná!”

Ẹ̀rín kú lójú Àlàájì. “Kí ló pè ẹ́?”

Àsánì ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo ṣàlàyé, mo ní ìnagijẹ lásán ni, nítorí ìpolówó. Àlàájì gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, mo gbọ́. Ọmọ náà wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí Hikmat bá fẹ́ ẹ, kí ni wọ́n á máa pè é ládùúgbò? Ìyàwó Ikú. Tó bá bímọ ńkọ́? Kí n wà nídìí ọjà mi, kí wọ́n ní ọmọ Ikú ń kí mi? Ọmọ mi ò ní jẹ́ ìyàwó Ikú láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé.”

Inú bí mi, àánú Àsánì sì ṣe mí. Ó ń rìn lẹ́yìn mi bí ẹni tí òjò pa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Hikmat wá bá wa níwájú ilé, ojú rẹ̀ wú.

“Bàbá mi ò kórìíra ẹ,” ló sọ fún un. “Orúkọ tí o fẹnu ara ẹ sọ ara ẹ ni wọn ò lè gbé wọlé. Wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ti ń dárúkọ ẹnì kan tó ń ta táyà fún mi, mi ò sì fẹ́ ẹ.”

Àsánì bá gba ọ̀dọ̀ Dàmọ́lá lọ, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ bánà ní Okokomaiko. Dàmọ́lá ní ohun tó kù ni gírámà. Ó tẹ bánà ńlá kan, ó kọ ọ́ sí i pé “Universal Rodent Management Concept”, ó sì kọ́ Àsánì bí yóò ṣe máa pè é nínú gbohùngbohùn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Gbogbo àdúgbò rò pé ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó ló dé. Bàbá kan dá bárò dúró, ó béèrè bóyá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni kí òun mú wá tàbí ẹni tí yóò dúró fún òun. Ẹnikẹ́ni ò ra oògùn. Wọn ò tilẹ̀ gbàgbé orúkọ yẹn. “Ikú ti ń sọ òyìnbó o,” ni wọ́n ń wí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àsánì jókòó sórí àga lẹ́bàá àtẹ mi, ó káwọ́ lérí. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ bá já dé pẹ̀lú àpò ẹ̀wà kan tí ìdí rẹ̀ ti ya, ẹ̀wà ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá Túnjí, ẹ bá mi wò ó! Ẹ̀wà tí mo fẹ́ fi dín àkàrà ọ̀la! Kí n jí ní kùtùkùtù, kí n dúró nídìí iná, kí èéfín fọ́ mi lójú, kí eku wá jókòó jẹ ẹ́! Ṣé eku ni mò ń ṣiṣẹ́ fún ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò ní ṣiṣẹ́ fún eku jẹ!”

“Àmín,” ni mo sọ, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni.

Àsánì gbórí sókè. Ó wo Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, ó wò mí, ó sì fò dìde. “Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

“Kí n tún kí ni sọ? Ìwọ Ikú yìí, má bá mi sọ̀rọ̀ o!”

Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bárò jáde. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ti gbé aago rẹ̀ dání, ó ti múra ìjà sílẹ̀. Gbohùngbohùn lanu:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́! Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ fún eku jẹ! Gààrí tẹ́ ẹ rà, ẹ̀yin lẹ ó mu ún! Ẹ̀wà tẹ́ ẹ tọ́jú, ẹ̀yin àtọmọ yín lẹ ó jẹ ẹ́! Aṣọ tẹ́ ẹ rán, ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó! Àsánì olóògùn eku ló ń kí yín o!”

Aago dúró lófuurufú. Mo rí i tí ẹnu Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ń mì. “Àmín!” ló fi igbe ta, ó sì lu aago náà. “Àmín láṣẹ Èdùmàrè!” Láti ojúlé kejì, ẹnì kan ní “Àmín, yà Allah!” Ọlọ́kadà tó sá wọlé níjọ́sí bọ́ fìlà, ó gbé e mọ́ àyà. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kò sẹ́ni tí kì í jí lọ síbi iṣẹ́ ládùúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Bárò ò tíì kúrò lójú kan tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà sí i. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ra oògùn báyìí, wọn ò yọ́ kẹ́lẹ́ mọ́. Àwọn kan tí ò ní eku nílé rà á nítorí àdúrà yẹn nìkan.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yí padà láìsí ìpàdé. Bùọ̀dá Àmín ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n Àsánì ò yà sọ́dọ̀ Àlàájì ní Ìyànà-Ìbà mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ẹni tí wọ́n ti lé jáde lẹ́ẹ̀kan kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà.

Èmi ni mo lọ ra ẹ̀wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Hikmat ti gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún bàbá rẹ̀, Àlàájì sì ń rán ẹnu àpò ìrẹsì kan tí eku ti fi eyín dá lu. Ó ń ráhùn. Lójijì, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, láàárín ariwo àwọn bọ́ọ̀sì: ẹ ò ní ṣiṣẹ́ fún eku jẹ.

Àlàájì sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó tẹ́wọ́ méjèèjì. “Àmín o! Àmín!” Ó fi ọwọ́ pa ojú. “Ta ló ń ṣàdúà tó bá ọ̀rọ̀ mi mu báyìí?”

Hikmat yíjú sí mi. Mo ní, “Àsánì ni, Àlàájì. Èyí tẹ́ ẹ ní ká máa mú lọ sílé.”

Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. “Ẹ pè é wá.”

Àsánì wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín sí i. “Ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ kiri yìí, ṣé ọjà lo kàn fi ń tà, àbí ó ti inú ẹ wá?”

Mo ń gbàdúrà pé kó má lọ fi ẹnu dídùn dá a lóhùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, kí n má purọ́, ọjà ni mo kọ́kọ́ fi tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín sí i láràárọ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ń rò ó pé tí oògùn mi ò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ni mo bá ń padà lọ sílé àwọn tó rà á, mò ń bi wọ́n bóyá eku ṣì wà. Tó bá ṣì wà, mo ń fún wọn ní òmíràn, mi ò gbowó. Àdúrà tí mo bá ti fẹnu mi gbà fún èèyàn, mi ò fẹ́ kó já sófo.”

Àlàájì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Hikmat,” ló wí, “kí lò ń wò? Bu omi wá fún ọkọ ẹ.”

Ọmọ náà ò tíì rí ife mú tí èmi, opó sójà, fi bú sẹ́kún ayọ̀ láàárín àwọn àpò ẹ̀wà.