Nígbà tí Egbò Asofẹ́yẹjẹ Wà Lára Mi

Láti Isuada títí dé Ijagba, kò sí ọmọkùnrin kan tó lè bá mi sáré kó má fi ẹnu mí. Mi ò ṣe fọ́nńté o, ẹ lọ béèrè. Ìwé nìkan ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, torí tíṣà máa ń pẹ́ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi ò sì lè jókòó dúró de ẹnikẹ́ni. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣọ́ igbó ọba, tí wọ́n á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti bàtà ńlá. Kí wọ́n tó pè wá rárá ni mo ti ń rìn bí olùṣọ́ igbó káàkiri àdúgbò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán wa wò ní Ọ̀wọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ dé níbi eré sísá, mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Àfi ìgbà tí dókítà obìnrin kan di rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, tí wọ́n wò ó, tí wọ́n mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru ju bó ṣe yẹ lọ."

"Agbára nìyẹn, mà."

"Agbára kọ́. Agolo mélòó lo mu nínú ohun mímu tó ń lé oorun lọ yẹn?"

Mo fi ẹsẹ̀ ti agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ abẹ́ àga. Wọ́n ní kí n lọ sinmi, kí n máa mu omi, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ti wálẹ̀, mo wọlé nìyẹn. Tí kò bá wálẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gba àyè mi. Sinmi kẹ̀? Ta ló fẹ́ fi ìsinmi wá iṣẹ́?

Ìyá tó bí ìyá mi ni mo lọ bá ní Isuada. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré jù, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni wọ́n máa ń mú un wá. Wọ́n á wa egbò asofẹ́yẹjẹ, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á sè é, ìkarahun ìgbín kékeré kan ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìkarahun kan ṣoṣo, ó parí. Láràárọ̀ wọ́n á wá máa béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé ṣé imú rẹ̀ ti dí. Ìbéèrè yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rí oorun sùn, kí ló kan imú rẹ̀?

"Ìyá, ẹ fún mi ní tèmi, kí ẹ̀jẹ̀ mi lè wálẹ̀."

"Ìwọ tí o kì í lè dúró kí ọbẹ̀ jinná?" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mu èyí, kí o sì fi í sílẹ̀ kó máa rìn. Kì í sáré bíi tìẹ. Tí imú rẹ bá ti dí, ó ti débẹ̀ nìyẹn. Má fẹnu kàn án mọ́."

Mo mu ún. Ó korò débi pé etí mi gan-an tọ́ ọ wò. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, ọkàn mi ṣì ń lù kì-kì-kì bó ṣe máa ń lù. Mo ní àbí egbò yìí ti gbó ni? Nígbà tí Ìyá àgbà lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bu ìkarahun mìíràn. Nígbà tó tún yá, mo gbé ìkarahun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi kọ́ọ̀bù bù ú. Imú mi sì dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni, gbogbo Isuada ló ń fọn ikun. Mo ní ọyẹ́ ni, mo fi ìpara ra ihò imú, mo tún bu kọ́ọ̀bù kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé wá rọ̀. Igi asofẹ́yẹjẹ kan wà lẹ́yìn ilé, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí. Èso pupa rẹ̀ ń tàn nínú ọyẹ́ bí iná kéékèèké, àwọn ẹyẹ ń wá, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lọ, mi ò sì gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Ohùn àwọn èèyàn ń dé ọ̀dọ̀ mi bí ẹni pé òdìkejì odò ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò lè jókòó, mo jókòó. Mo lálàá pé mò ń rìn nínú igbó ọba, àwọn igi ń yà fún mi lọ́nà, ewé wọn rọ̀ bí òwú, ẹsẹ̀ mi ò sì kan ilẹ̀. Mo tún lálàá pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ awọ ara mi, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, ó fẹ́ dúró. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

"Ṣé imú rẹ ti dí?" Ìyá àgbà bi mí.

"Ọyẹ́ lásán ni, Ìyá."

Wọ́n wo ojú mi pẹ́, wọ́n sì gbé ìkòkò náà lọ sínú yàrá wọn. Ohun tó wà níkùn mi, ta ló máa gbé e?

Nígbà tọ́jọ́ pé, mo padà sí Ọ̀wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lórí ìlà, ọmọ Àkókó, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe tíṣà láàárín ìlú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ torí ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ.

"Olùsáré!" ó pariwo. "Ṣé ìwọ lo wá, àbí òjìji rẹ lo rán wá?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, pẹ́pẹ́yẹ," mo ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dìde, ilẹ̀ náà sì dìde wá pàdé mi.

Nígbà tí mo lajú, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti lọ sílẹ̀ jù, ọkàn rẹ ń lù bí ẹni tó ti rẹ̀. Kí lo mu?"

"Omi, mà."

"Omi nìkan?"

Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi wà láàárín wọn. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá fi oògùn wọlé máa padà sílé. Dókítà ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kan.

"Gbọ́ mi o. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí lè bá ohun tó wà lára rẹ jà. Tí o bá ń parọ́ fún mi, bí afọ́jú ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ."

Mo wo àwọn aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká sórí tábìlì. Wọ́n dára gan-an.

"Asofẹ́yẹjẹ ni," mo ní.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Egbò rẹ̀? Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Kọ́ọ̀bù, mà."

"Olúwa o!"

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé orí ìrọ̀rí, wọ́n fa omi sí mi lára. Bí omi náà ṣe ń kán ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní kí n má rò pé igi lásán ni. Àwọn òyìnbó ti yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí igi yẹn rí, ìwọ̀n bíńtín báyìí. Wọ́n ní nǹkan kan wà tí ara kó pamọ́, òun ni iṣan fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn pé kó yára. Egbò náà máa ń tú u dànù díẹ̀díẹ̀ títí àká á fi ṣófo. Ìdí nìyẹn tí kì í tètè hàn. Kì í sì í tètè lọ, torí ara gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn. Imú dídí wà lára àmì rẹ̀. Igi kan sì lè le ju èkejì lọ, kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú kọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó bá tún wá pa á pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ọsibítù, ó lè sùn kó má jí.

"O ò bá kàn lọ sinmi," wọ́n ní. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ì bá wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè mi kí omi inú ike tó tán.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Dókítà ti kìlọ̀ pé egbò náà máa ń mú ìbànújẹ́ wá, pé tí ayé bá sú mi, kí n má dá wà. Ó sú mi lóòótọ́. Yàrá Ìyá àgbà ni mò ń sùn sí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹnu, wọn ò bá mi wí. Omijé á kàn máa bọ́. "Kì í ṣe ìwọ," wọ́n á ní, "egbò ni. Á lọ." Ó sì ń lọ, bí ọyẹ́ ṣe ń ká kúrò lórí òkè. Lọ́jọ́ kan mo bá ọlọ́kadà kan jà pé ó ń rọra wa ọ̀kadà jù, Ìyá àgbà sì jó.

Báyìí, èmi ni mò ń bá ọkọ̀ kòkó lọ láti Ijagba wá sí Ọ̀wọ̀, kò sì sẹ́ni tó tó mi í gbé àpò. Nígbà míì a máa ń rí ọ̀rẹ́ mi létí igbó, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Á juwọ́, èmi náà á juwọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bí ìbànújẹ́ ìgbà yẹn á rọra bà lé mi láyà, rírọ̀ báyìí. Egbò ti tán lára mi tipẹ́, mi ò lè di ẹ̀bi rù ú mọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n máa ronú nípa gbogbo omijé tí mo sun nínú yàrá yẹn, èwo ló jẹ́ ti egbò, èwo ló jẹ́ tèmi. Mi ò tíì mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí...

Awakọ̀ ti ń tẹ fèrè. Ẹ jẹ́ n máa lọ.