Mo Fi Ọwọ́ Méjèèjì Gbé Kọ́kọ́rọ́ fún Àǹtí

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ sinmi ní erékùṣù kan ní Nikarágúà, èmi nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mò ń gbé aláìsàn sókè sódò, tí n óò tún padà sílé wa ní Adelphi, lókè òkun tí à ń gbé, wá dáná. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n yá alùpùpù, kí n gùn ún fúnra mi yí erékùṣù náà ká. Bàbá mi ló kọ́ mi lórí Fẹ́sípà rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kí n tó lọ́kọ. Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi mí sí.

Ọkọ mi, tí kò lè kúrò níbi iṣẹ́, ló lọ tú àṣírí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Forestville. Àǹtí ní ṣé òun kì í ṣe ẹni tó yẹ kó sinmi ni. Òun sì ni Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wa ní Landover. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti ra bàtà, ó tún ra fìlà oòrùn tó fẹ̀ ju agboòrùn lọ.

Adágún tó yí erékùṣù náà ká tóbi débi pé ojú mi kò ká a. Òkè méjì ló wà níbẹ̀, irú òkè tó máa ń yọ iná, èéfín funfun sì ń rú lórí ọ̀kan. Àǹtí wò ó títí, ó ní, "Ṣé kò sí fire service níbí ni?"

Alùpùpù kan péré ló kù lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń yá wọn. Èmi ló kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Àǹtí na ọwọ́.

"Ìyàwó wa, mú un wá. Mo máa ń gun machine dáadáa nígbà tí mo wà ní school n'Íbàdàn. I will carry you."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí ẹnu mi tó là. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún un, mo sì tún ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọkùnrin náà ń wò wá, bóyá ó rò pé àdúrà là ń gbà.

Àǹtí kò mọ alùpùpù gùn. Kí a tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mọ̀. Ó ká jalabíà rẹ̀ sí orúnkún, ó di ọwọ́ alùpùpù mú bí ẹni tí olè fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A yà sọ́tùn-ún, a yà sósì, adìyẹ ń sá fún wa. Mo rí kòtò náà láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi dáadáa, n kò lè pariwo mọ́ àgbà, mo wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ: "Ẹ má bínú, mà. Ó dà bíi pé ẹ lè fẹ́ wo iwájú díẹ̀, mà." Ọ̀rọ̀ náà gùn. Kòtò kò dúró kí n parí rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, yanrìn dúdú kún ẹnu mi. Bí mo ṣe tu ú dànù tán, ohun tí mo sọ ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ẹni tó gbé mi sọ sí kòtò ni mò ń kí! Òun náà gba pẹ̀lẹ́ náà pátápátá, kò fún mi ní ọ̀kan padà.

Orúnkún rẹ̀ ti bó. Mo fi omi wẹ̀ ẹ́, mo fi ìborùn mi dì í, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kúnlẹ̀. Mo gun alùpùpù náà yí erékùṣù ká, afẹ́fẹ́ adágún ń fẹ́ sí mi lójú, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin. Àǹtí di ìbàdí mi mú gírígírí lẹ́yìn, ó ń ṣe kálímà ṣàhádà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a padà dé, àwọn obìnrin yí i ká níwájú mọ́ṣáláṣí. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ kan.

"Mo gbé ìyàwó wa sẹ́yìn, mo fi yí gbogbo island yẹn ká. Ẹ̀rù ń bà á, ó kàn ń dì mọ́ mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan yíjú sí mi: "Ìyàwó, o ò ní say thank you fún Ìyá Àdínnì ni?"

Inú bí mi gan-an. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, òun náà ló tún fẹ́ gbà lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́.

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Orúnkún yín tó bó nígbà tí ẹ gbé wa sí kòtò ńkọ́, mà? Ṣé ó ti san? Ìborùn tí mo fi dì í kí èmi tó gbé yín kiri, ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kòtò wo?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí.

Mo ní kí wọ́n bi Àǹtí, pé kò yẹ kí ìyàwó ṣáájú sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá jókòó sí.