Alángbá Inú Ògiri Màmá

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ alángbá kò fẹ́ ìkánjú. Ẹni tó bá sáré sí i, ìrù rẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Ní ọdún 1993, mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ilé alámọ̀ ni ilé rẹ̀, ògiri ẹ̀yìnkùlé sì ti sán láti ìsàlẹ̀ dé ìdí fèrèsé. Inú ibẹ̀ ni alángbá kan ń gbé, akọ, olórí pupa, tí àgbébọ̀ kan ti já ìrù rẹ̀ jẹ. Bóyá ìyẹn ló sọ ọ́ di ojo, n kò mọ̀. Bí ewé bá já lulẹ̀, ó ti wọlé.

Èmi ni mo máa ń bọ́ àwọn òròmọdìẹ láàárọ̀, ikán la sì fi ń bọ́ wọn. Màmá á ki ìgbẹ́ màlúù àti ṣùkù àgbàdo sínú ìkòkò fífọ́, á wọ́n omi sí i, á dojú rẹ̀ délẹ̀ níbi tí ikán wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikán á ti kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, mo rí alángbá náà tó yọrí, tó ń wo ikán bí ẹni tí dókítà ní kó má jẹ ẹran ṣe ń wo ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé ohun tó ń sá fún gbogbo ayé báyìí lè mọ èèyàn?

Mo ń da ikán síwájú ògiri, mo ń kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, n kò lọ jìnnà mọ́. Lọ́jọ́ kan ó mi orí sí mi. Èmi náà mi orí padà, ó sì fò wọlé! Àfi bíi pé mo bú u ní èdè tí n kò gbọ́. Mo jáwọ́ nínú ìkíni. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti ń ṣa ikán ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ahọ́n rẹ̀ tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kúrò nínú ògiri.

“Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń tọ́mọ, ìwọ ń tọ́ alángbá,” ni Màmá wí.

“Ẹ̀yin náà ń tọ́ adìẹ, Màmá.”

“Adìẹ á yé ẹyin fún mi. Kí ni tìẹ á yé?”

“Akọ ni, Màmá.”

“Hàà! Ó tún wá jẹ́ akọ!”

Lẹ́yìn tí wọ́n kó kòkó tí wọ́n sá sóòrùn kúrò lórí ẹní, Màmá rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ nídìí ògiri náà. Ẹ̀rín tán.

“Wọ́n ní ògiri tí kò lanu, alángbá kò ríbi wọ̀. Tèmi lanu, o tún ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ejò ti ń bá a bọ̀. Bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé.”

Ejò kì í ṣe ohun àwàdà, n kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dí ojú ihò náà mọ́ ọn, inú ògiri ni yóò kú sí. Mo bẹ Màmá pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú un jáde.

“Kí sìmẹ́ńtì tó dé ojú ihò o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa sùn níbẹ̀.”

Sátidé yẹn, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ṣe ìgbéyàwó ní Ọ̀wọ̀. Mo ti wọ gáùn pupa tán, mo sì ti ní kí ọlọ́kadà wá gbé mi. Mo bu ikán sọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí ògiri. Ó yọrí, ó wò mí, ó wọlé lọ. Mo dúró. Ó tún yọrí, ó tún wọlé.

“Ṣé kí n fi igi gún un?” ni bíríkìlà bi mí.

“Rárá o! Á túbọ̀ wọ inú lọ ni.”

“Ẹ ṣe kíá. Sìmẹ́ńtì ò mọ̀ pé tíṣà ni yín.”

Ọwọ́ kan náà ni, ikán kan náà ni. Kí ló yí padà? Mo wo ara mi. Gáùn pupa! Ìró aró tó ti ṣá ni mo máa ń ró láàárọ̀. Àbí ó rò pé akọ alángbá ńlá kan, pupa látòkè délẹ̀, ló wá gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́?

Mo sáré wọlé, mo bọ́ gáùn, mo ró ìró mi, mo padà wá tẹ́ ọwọ́. Ó pẹ́ kó tó yọrí. Ó wò mí, ó ṣa ikán kan, ó ṣa òmíràn. Mo rọra ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó nà títí, ó wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo ń gbọ́ àyà rẹ̀ tó ń lù kìkìkì mọ́ mi lọ́wọ́.

Bíríkìlà kọjá lẹ́yìn mi, ó la sìmẹ́ńtì mọ́ ojú ihò. Mo rò pé ariwo yẹn á lé e lọ. Kò lọ. Ó kàn di ìka mi mú.

Ọlọ́kadà dé, ó ń fọn fèrè níwájú ilé. N kò lè pariwo dá a lóhùn, n kò sì lè mira. Màmá ti ẹnu ọ̀nà wò mí, èmi tí mo wà nínú ìró gbígbó. Ó yíjú sí ọlọ́kadà níta, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

“Máa lọ, ọmọ mi. Ó lálejò lọ́wọ́.”