Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ Tí Í Bi Àgbà Lórúkọ

Ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ wà ní Ọ̀fà níbí. Bí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ béèrè ẹni tí àwọn èèyàn ń bú jù, Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ ni wọ́n máa fi hàn yín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlélógún tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, ohùn rẹ̀ ò sì rọ̀ rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá àgbà tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, á dúró tì í, á ní, "Mummy, ẹ sọ orúkọ yín fún mi, tiyín àti ti bàbá yín." Wọ́n ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Èmi Nàfísàt wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló gbé ìyá mi dé ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Okùn ọwọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí ti tán láti oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rà á. Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ gé pílásítà, ó kọ ASIATA ABDULGANIYU sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi. Ìyá tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, tí bàbá mi gan-an kì í pè lórúkọ. Mo ya á dànù, mo kọ ALHAJA gàdàgbà sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

"Alhaja tó wà ní wọ́ọ̀dù yìí ju ọ̀kan lọ," nọ́ọ̀sì sọ fún mi.

"Ẹ lọ máa pe ìyá tiyín lórúkọ, ma."

Ó pòṣé, ó lẹ pílásítà mìíràn. Nígbà tó lọ sílé, mo tún ya á.

Dókítà Ayọ̀kúnnúmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí ni, kò tíì pé oṣù kan tó dé. Kì í fọwọ́ kan ìyá mi láìkọ́kọ́ tẹríba, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kejì rẹ̀ rèé tí kò tíì sùn. Ọ̀gá rẹ̀, tí ìjọba ń sanwó fún pé kó máa kọ́ ọ níṣẹ́, wà ní ọsibítù tara rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ń fi fóònù kọ́ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Fa ẹ̀jẹ̀ yẹn fún Alhaja. Má yọ mí lẹ́nu mọ́."

Dókítà kékeré náà gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó rí ALHAJA tí mo kọ. Ó tẹríba. "Alhaja, ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ̀jẹ̀ yín ti dé."

Ta ni wọ́n á pè ní Alhaja tí kò ní dáhùn? Ìyá mi ṣàdúrà fún un, wọ́n na ọwọ́. Èmi ni mo bá a di ọwọ́ náà mú. Alhaja Safiyat tó ni ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwa.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ẹ̀jẹ̀ náà pa.

"Kí lorúkọ yín?"

"Asiata."

Ó ka èyí tó wà lára àpò ẹ̀jẹ̀ sókè: "Safiyat Abdulwasiu." Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Ọ̀gá dé lọ́sàn-án, ó ń ta sánsán, ó ń pe ọmọ náà ní aláìbìkítà. Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ bi í pé, "Sà, ọjọ́ mélòó lẹ fi dúró tì í? Ẹ ní kó fa ẹ̀jẹ̀ fún Alhaja. Alhaja wo?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ni wọ́n fún ní kúẹ̀rì, pé ó ṣàfojúdi sí ọ̀gá. Wọ́n gbé dókítà kékeré náà lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, òun nìkan náà ni wọ́n tún fi síbẹ̀.

Ìyá mi yè, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn yẹn ti ba kíndìnrín wọn jẹ́, kò padà sípò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń lọ Ìlọrin fún ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ̀gá yẹn títí dòní, mi ò sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n àfọwọ́fà ni tèmi, ọwọ́ mi ló di báírò mú.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, dókítà tuntun kan wá bá wa ní Ìlọrin, ó tẹríba. "Alhaja, ẹ káàárọ̀ ma."

Ìyá mi ò dáhùn. Ó tún kí wọn. Wọ́n kó ọwọ́ wọn sábẹ́ aṣọ.

"Kọ́kọ́ bi mí lórúkọ," ni wọ́n wí.