Okùn Ìyá Rísí

Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni wọ́n gbà mí sí nílé iṣẹ́ tí a ti ń lọ oúnjẹ adìẹ, nítòsí Alákíà. N kò tíì pé oṣù méjì níbẹ̀ tí òyìnbó tó to ẹ̀rọ náà fi padà sílùú rẹ̀. Ìwé ńlá kan ló fi sílẹ̀. Ọ̀gá Làmídì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì bá fẹ́ já, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ni máníjà bá ní kí èmi ọmọ tíṣà Onítẹ̀bọmi máa ka ìwé náà fún wọn.

Nínú àpótí irin kan lára ògiri, súwíìṣì kéékèèké mẹ́jọ tò bí eyín. Ọ̀kan ń jíṣẹ́ pé àgbàdo ń tán nínú àgbá, ọ̀kan pé mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ ti gbóná, ọ̀kan sì wà fún okùn tí òṣìṣẹ́ ń fà bí ewu bá dé. Èyí tó bá kọjú sókè lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá kọjú sílẹ̀, aago lásán ni yóò lù, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Ọ̀gá Làmídì bi mí pé, “Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí ọmọdé wá kí i ńkọ́?”

“Ọmọ á dúró, sà.”

“Bó bá ní ilé ń jó ńkọ́?”

“Àgbà á dákẹ́.”

“Ó ti yé ọ.”

Òyìnbó ti gbé gbogbo rẹ̀ sókè, bí àgbàdo bá sì ti dín díẹ̀, iṣẹ́ á dá. Ìwé ní kí á rẹ ìkẹjọ, ti àgbàdo, sílẹ̀. Mo kà á láti ọwọ́ òsì, Ọ̀gá Làmídì sì tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Okùn ni mo sọ di aago lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Ìyá Rísí tó ń rán ẹnu àpò bẹ̀rẹ̀ láti gbá ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Bẹ́líìtì gbá etí ìró wọn mú. Wọ́n fa okùn. Aago dún, ẹ̀rọ kò dúró. Wọ́n tún fà á, wọ́n figbe ta. Ọ̀gá Làmídì ló fò lọ pa iná pátá. Ìró ti ya dé orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ wọn sì ti bó.

Máníjà ní, “Okùn yìí ti gbó. Òun ló fà á.”

Ǹ bá dákẹ́. “Èmi ni, sà. Mo ka súwíìṣì lódì.”

“Kó ẹrù rẹ!”

Ọ̀gá Làmídì ní, “Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, n kò sì dán an wò. Bí ẹ bá lé e, àwa méjèèjì lẹ lé.”

Máníjà ní kí á lọ tún un tò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Rísí nílé wọn. Wọ́n bi mí pé,

“Ṣé o lè ṣe é kó dúró bí mo bá fà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Màá fojú ara mi rí i.”

Lọ́jọ́ kejì, a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, a tún wọn tò, a sì tan ẹ̀rọ láìda àgbàdo sí i. Ìyá Rísí fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì fa okùn. Gbogbo ilé iṣẹ́ pa lọ́lọ́. Wọ́n ní kí á tún tàn án. Wọ́n tún fà á, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn.

“Ó gbọ́ mi,” ni wọ́n wí.

Ni àwọn obìnrin yòókù bá tò sẹ́yìn wọn, kí oníkálukú lè fà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.