Ojú Òkú Ni Kámẹ́rà Rẹ̀ Rí

Mo fẹ́ kí ojú tì í. Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú gbogbo ìjọ, níbi tó ti dójú tì mí gan-an, mi ò sì ní purọ́ pé ìdí mìíràn wà tí mo fi pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi àti ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò bíi tèmi la jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Sabon Gari. Kámẹ́rà tirẹ̀ tuntun ni, fúnra rẹ̀ ló ń wá ojú ènìyàn. Ọ́tò ló ń pè é. Bàbá mi ló fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Ó ti fi ya àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú. Bí o bá fojú sí ihò rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó síwájú rẹ yóò di méjì, ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ìwọ ni wàá fi ìka yí lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn. Ohun tí o bá sọ di ọ̀kan, òun ni yóò hàn kedere. Bàbá mi kọ́ mi pé ẹyinjú ni kí n máa wò, kì í ṣe imú, kì í ṣe gèlè.

Màmá kan wà nínú ọgbà wa, opó, ìyá ìjọ, tó ti gbé Kano ju àádọ́ta ọdún lọ. Òun ló máa ń pọ̀n mí ní kékeré nígbà tí ìyá mi bá lọ síbi iṣẹ́ ní Bompai. Ó fẹ́ padà sí Ọ̀ffà pátápátá, ìjọ sì fẹ́ ya fọ́tò ńlá kan fún un. Màmá ti sọ fún gbogbo wa pé fọ́tò ìkẹyìn òun nìyẹn, òun ni kí wọ́n gbé síwájú pósí òun. Mo ti ra fíìmù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò yà á, ọkùnrin yìí gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó fojú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, Àǹtí! Kámẹ́rà yín ń rí méjì-méjì bí ẹni tó mu bùrùkùtù yó. Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kó sọ yín di ìbejì ni? Wallahi, this one na museum. Tèmi, ọ́tò ni o, kì í ṣàṣìṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló bí mi nínú jù. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin yìí, mo gba kámẹ́rà mi, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yà á, Màmá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wé gèlè fún òun. Mo wé e. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, ó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ olóògbé lé itan, tòun ti férémù. Bàbá mi ló ya fọ́tò yẹn, kámẹ́rà tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló sì fi yà á. O lè ka irun ìpéǹpéjú ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo lọ dúró lẹ́yìn ayàwòrán, kí n lè rí i bóyá gèlè náà tọ́. Ó ti ṣí lẹ́ǹsì rẹ̀ gbayawu kí ògiri ẹ̀yìn lè ṣe bàìbàì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń fẹ́ ẹ lóde òní. Bí lẹ́ǹsì bá sì ti ṣí tó bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lórí itan àti ojú ẹni tó jókòó ò lè jọ hàn kedere. O gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ó tẹ ọ́tò rẹ̀. Àmì kékeré aláwọ̀ ewé, tó ń sọ ohun tí yóò hàn kedere, jáde lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ń wá ojú kiri. Ó dé ojú Màmá, ó fò wálẹ̀, ó jókòó sójú olóògbé. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni kámẹ́rà ìgbàlódé náà rí bí ènìyàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wo àmì yẹn. Ó ń sọ fún Màmá pé kó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé mo dára?" Màmá bi mí.

"Ẹ dára gan-an ni, Màmá."

Ó yà á léraléra, mo sì ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ìjọ fi ń dágbére fún un, wọ́n gbé fọ́tò náà wá síwájú, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo wá àyè jókòó síwájú. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò. Ọkọ Màmá ń wo gbogbo wa lójú, kedere. Lókè rẹ̀, ojú Màmá dà bí ojú ẹni tó wà nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

"Kai!" ni ẹnì kan ké lẹ́yìn. Ayàwòrán ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló bà á jẹ́. Mi ò dúró kí pásítọ̀ pè mí kí n tó dìde.

"Irọ́ ni! Ọ́tò rẹ ló mú òkú, ó fi alààyè sílẹ̀. Àmì aláwọ̀ ewé yẹn ò kúrò lójú olóògbé láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ títí o fi yà á tán. Kámẹ́rà tèmi tó mu bùrùkùtù ìbá ti mọ ẹni tó ń mí!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó ṣì ń dùn mọ́ mi di òní.

Màmá wá yíjú sí mi. "Ìwọ rí àmì yẹn lọ́jọ́ náà?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀. 

"Màmá, fíìmù wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbé kámẹ́rà mi, kí n yà yín nísinsìnyí."

Mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Ọ̀ffà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé fọ́tò náà jáde.

"Tò, jókòó," ó wí fún mi. "Èyí tí o fẹ́ kí n ní ni mo ń gbé lọ yìí."